Àpáta Tó Ru Ẹrù Ju Agbára Rẹ̀ Lọ: Ọ̀rọ̀ Alága Níbi Ìpàdé Ìparí Ọdún

    

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé àwa oníṣòwò péjọ, ọ̀rọ̀ ìwakùsà ni alága fẹ́ sọ. Ẹni tó ń ta aṣọ, ẹni tó ń ta fóònù, ẹni tó ń di irun, kí ló kàn wọ́n nínú ihò wúrà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ wa dé ìparí. Ìlú tí a ti ń jẹun yìí, wúrà ló dá a sílẹ̀. Ní ọdún 1886 ni wọ́n rí wúrà ní Langlaagte, tí kò jìnnà sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé. Àwọn òkìtì erùpẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè tí ẹ ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti kó wọn jáde. Ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa ti dihò, ẹni tó bá sì ń gbé lórí ihò, ó yẹ kó mọ ohun tó gbé ihò náà dúró.

Ẹ rántí òru ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2023. Ilẹ̀ mì láti ìhà Boksburg, gbogbo Johannesburg ló gbọ́ ọ. Ní agogo méjì ààbọ̀ òru kọjá díẹ̀, fóònù wa kò sinmi. Ìyá kan láàárín wa ti gbé ọmọ jáde sí ìta nínú òtútù. Ẹlòmíràn ní ayé ti ń parí lọ. A kò ní sọ pé iṣẹ́ kùsà ló ń fa gbogbo ìmìtìtì ilẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tó ń ṣẹlẹ̀ ní agbègbè yìí ló ti ibẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ náà kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1908, nígbà tí ilé àwọn ará Ophirton níhìn-ín bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ìjọba gbé ìgbìmọ̀ kan dìde láti wádìí rẹ̀. Èsì tí wọ́n mú wá ni pé àwọn òpó àpáta tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ihò ló ń ru ẹrù tó pọ̀ jù, tí wọ́n bá sì já lójijì, ilẹ̀ á mì.

Ohun tó mú àwa gan-an wá ìmọ̀ yìí ni oníbàárà wa kan. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè yìí, a máa ń gbé bàtà, ìbọ̀sẹ̀ àti aṣọ iṣẹ́ lọ sí Carletonville ní ọjọ́ owó oṣù. Ọmọ Lesotho ni ọkùnrin yìí. Àwìn ló máa ń rà, ó sì máa ń san án pé pérépéré. Oṣù kan kọjá, a kò rí i. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú owó tó kù wá fún wa. Wọ́n ní àpáta ló pa á. A bi wọ́n pé ṣé àpáta wó lù ú ni? Wọ́n ní rárá, kò wó láti òkè, ẹ̀gbẹ́ ló ti bú jáde bí ìgbà tí wọ́n yin ìbọn. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń béèrè pé kí ló ń mú òkúta tí kò lẹ́mìí bú bí ìbọn. A kò lọ sí yunifásítì, ṣùgbọ́n a ń ka ìwé, a sì ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀, nítorí abéèrè kì í ṣìnà.

Ohun tí a rí nìyí. Àpáta wúwo. Ní jíjìn kìlómítà mẹ́ta sínú ilẹ̀, ẹrù tó wà lórí ìwọ̀n ilẹ̀ tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà kan, tí fífẹ̀ rẹ̀ náà sì jẹ́ mítà kan, tó nǹkan bí 8,100 tọ́ọ̀nù. Tí a bá ní kí tírélà kan gbé 30 tọ́ọ̀nù, tírélà 270 ni wọ́n tò léra lórí ibi tí kò ju orí tábìlì kan lọ. Mponeng, tó wà lẹ́bàá Carletonville, ni ihò kùsà tó jìn jù lọ láyé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà mẹ́rin. Ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ní èdè Sotho ni "ẹ wò mí". Àpáta ibẹ̀ gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí òǹwọ̀n Celsius, omi dídì ni wọ́n ń fà lọ sísàlẹ̀ kí ènìyàn tó lè mí níbẹ̀. Ilé wa náà ní wúrà. Ní ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí wúrà jáde ní Segilola, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ṣùgbọ́n kòtò gbalasa tí ojú ọ̀run ń wò ni ti Segilola, kò ní ilé àpáta lórí.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, gbogbo àpáta ló jọ ń ru ẹrù yìí, kò sì sí wàhálà. Ẹ wo ènìyàn mẹ́jọ tó gbé òpó igi ńlá kan léjìká. Tí mẹ́rin bá yọ́ kúrò lábẹ́ rẹ̀, ẹrù kò fúyẹ́ o. Àwọn mẹ́rin tó kù ni yóò ru ti ara wọn àti ti àwọn tó lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń rí nínú ihò. Òkúta tó ní wúrà nínú kò nípọn, ibòmíràn kò ju mítà kan lọ, ó sì tẹ́ lọ jìnnà bí ẹní. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, àlàfo ló kù. Ẹrù tó wà lórí àlàfo yìí á sún lọ sórí àpáta tó wà létí rẹ̀, ìyẹn ojú ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń lu ihò, àti sórí àwọn òpó tí wọ́n fi sílẹ̀.

Àpáta ibí yìí le, ó sì gbẹ. Ohun rírọ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú á sì rí i kó tó bàjẹ́. Ohun líle kì í tẹ̀, yóò dúró gbagidi, lójijì ni yóò fọ́. Ẹ fi amọ̀ tútù wé àwo tánńganran. Nígbà tí ẹrù bá kọjá ohun tí àpáta líle lè rù, yóò bú, yóò sì fò jáde lu ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Èyí ló ṣẹlẹ̀ sí oníbàárà wa.

Báwo ni wọ́n ṣe ń kápá rẹ̀? Ibí ni ọ̀rọ̀ wa dé gan-an. Ètù ni wọ́n fi ń kápá rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín. A mọ̀ pé ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń fi dáínámáìtì fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta yóò ní, ṣé a ń fi iná pa iná ni? Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yin ètù. Èkíní ni ti ojoojúmọ́, tí wọ́n fi ń já òkúta wúrà lulẹ̀. Ihò rẹ̀ kò jìn, ó tó nǹkan bí mítà kan. Èkejì ni èyí tí a ń sọ. Wọ́n á lu ihò tó gùn ju ìyẹn lọ, nǹkan bí mítà mẹ́ta, wọnú ojú àpáta lọ tààrà. Wọ́n á fi nǹkan bí mítà mẹ́ta sí àárín ihò kan sí èkejì. Ìsàlẹ̀ ihò ni wọ́n ń ki ètù sí, wọn kì í ki í dé ẹnu, wọ́n á sì fi amọ̀ dí ẹnu rẹ̀ pa kí agbára rẹ̀ má baà sá jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á yìn ín pọ̀ mọ́ ti ojoojúmọ́, ó sì máa ń ṣáájú rẹ̀ díẹ̀.

Ète ètù kejì yìí kì í ṣe láti já òkúta lulẹ̀. Inú àpáta níbẹ̀ ti ní sísán kéékèèké. Ètù náà á mì wọ́n, á là wọ́n, á sì jẹ́ kí wọ́n yọ̀ lára ara wọn. Àpáta tó wà níwájú òṣìṣẹ́ kò ní ní agbára láti gbé ẹrù ńlá dúró mọ́, yóò gbé e fún àpáta tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ní mítà mélòó kan sínú. Ẹrù náà kò pòórá, ó kàn kúrò níwájú ènìyàn ni. Èyí tó ti sán níwájú á wá dà bí ìrọ̀rí láàárín òṣìṣẹ́ àti ibi tí ẹrù wà. Bí àpáta inú lọ́hùn-ún bá bú, ìrọ̀rí yìí ni yóò kọ́kọ́ gba ìyà rẹ̀.

Ẹ tún wo àkókò tí wọ́n ń yìn ín. Wọ́n kì í yìn ín nígbà tí ènìyàn wà níbẹ̀. Gbogbo òṣìṣẹ́ ni yóò ti jáde kúrò lójú iṣẹ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín, wọ́n á tún dúró fún wákàtí mélòó kan, kí èéfín lè lọ, kí àpáta sì lè fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìmìtìtì inú ihò máa ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò yìí, nígbà tí kò sẹ́ni tó lè pa. Àpáta tó fẹ́ bú, wọ́n ń bá a dá àkókò ni.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti àná. Ní àárín àwọn ọdún 1950 ni wọ́n dán an wò ní ihò ERPM, ní Boksburg níbí. Ihò náà wà lára àwọn tó jìn jù lọ láyé nígbà náà, àpáta rẹ̀ sì burú. Wọ́n rí i pé bíbú àpáta dín kù, pàápàá èyí tó máa ń bá òṣìṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Síbẹ̀, kò gbilẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ tún padà sí i, ní Blyvooruitzicht àti ní ihò gúúsù Western Deep Levels, èyí tó di Mponeng ní 1999. Wọ́n tún rí nǹkan kan tí yóò dùn mọ́ oníṣòwò nínú: àpáta tí wọ́n bá ṣe báyìí máa ń já dáadáa, orí ihò kì í bàjẹ́ púpọ̀, iṣẹ́ sì ń yá. Ohun tó dáàbò bo ẹ̀mí kò pa èrè lára. Ní South Deep, lápá Westonaria, ọgbọ́n mìíràn tó fara jọ ọ́ ni wọ́n ń lò. Wọ́n á kọ́kọ́ gé ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan kúrò nínú àpáta kí ẹrù lè yà kúrò níbẹ̀, kí wọ́n tó kó ẹ̀rọ ńlá wọ ibi tí ìdẹ̀ra ti wà.

A kò ní tàn yín o. Ètù nìkan kò tó. Wọ́n ní àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn àpáta tọ̀sán tòru. Wọ́n ń fi àwọ̀n irin àti ìṣó gígùn di orí ihò mú. Wọ́n ń fi erùpẹ̀ dí ibi tí wọ́n ti gbẹ́ padà. Wọ́n sì ń fi òpó àpáta ńlá sílẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà wà nínú rẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ilẹ̀ ṣì ń bínú. Ní oṣù kẹta ọdún 2005, ìmìtìtì kan pa òṣìṣẹ́ méjì nínú ihò ní ìhà Stilfontein, ó sì ṣe àwọn ará ìlú náà léṣe. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, àpáta dí ọ̀nà mọ́ ènìyàn 13 ní Driefontein, méje nínú wọn kú. Ibi tí ilẹ̀ ti là tipẹ́, tí àpáta ńlá méjì ń yọ̀ lára ara wọn, ètù inú ihò mítà mẹ́ta kò lè dá a dúró.

Ṣùgbọ́n ìgbìyànjú ń sèso. Lẹ́yìn ìwádìí tí ìjọba ṣe, òfin ìlera àti ààbò nínú ìwakùsà jáde ní 1996. Ní 1993, ènìyàn 615 ló kú nínú àwọn ihò kùsà South Africa. Ní 2024, wọ́n jẹ́ 42, kò sì tíì kéré tó bẹ́ẹ̀ rí títí di ọdún náà. Lóòótọ́, àwọn ihò tó ti pa àti òṣìṣẹ́ tó dín kù wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n ìtọ́jú àpáta àti òfin wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni kan ṣoṣo náà ṣì pọ̀ jù, nítorí ọmọ ẹnìkan ni.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ jẹ́ ká wá sọ ìdí tí a fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí àárín yín. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láàárín wa wá bá àwọn ìgbìmọ̀. Ọjà kò tà, ìwé àṣẹ ìgbélùú rẹ̀ ti fẹ́ parí, owó ilé ti di gbèsè oṣù mẹ́ta. Ó fẹ́ yá owó. Àpò ẹgbẹ́ kò lówó lọ́wọ́ ní ọjọ́ náà, a ní kó ní sùúrù. Ohun tí a gbọ́ lẹ́yìn náà ni pé ó ti bá àwọn zama zama wọ ihò tí wọ́n ti pa tì. Fún ọ̀sẹ̀ méje, ìyá rẹ̀ ń pè wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, a kò ní ohun tí a lè sọ fún un. Ọlọ́run mú un jáde láàyè. Ó jókòó sáàárín wa lónìí, ó sì fún wa láyè láti sọ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò ní dárúkọ rẹ̀.

A bi í pé níbo ni wọ́n ti ń rí wúrà nínú ihò tí àwọn ilé iṣẹ́ ti kó tán. Ó ní, "Bàbá, òpó ni. Òpó tí wọ́n fi sílẹ̀ ni a ń gbẹ́." Orí wa wú. Ẹ rántí ènìyàn mẹ́rin tó kù lábẹ́ igi. Òpó yẹn ló ru ẹrù gbogbo, àwọn ọmọ wa sì ń fi òòlù àti irin jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹni tó lu ihò gígùn láti gbé ẹrù kúrò níwájú wọn. Kò sí ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ohùn àpáta. Kò sí wákàtí tí ènìyàn ń jáde kí àpáta lè bú láìrí ẹni pa. Inú ihò ni wọ́n ń sùn, àpáta ló sì ń yan àkókò tó bá wù ú. Gbogbo ọgbọ́n tí a kà sílẹ̀ látàárọ̀, kò sí ọ̀kan lọ́wọ́ wọn. Ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Stilfontein ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025: nígbà tí wọ́n sọ kéèjì kalẹ̀ láti gbé àwọn tó wà nísàlẹ̀ jáde, alààyè 246 àti òkú 78 ni wọ́n gbé sókè. Ebi ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Àwọn ọmọ Mozambique, Zimbabwe àti Lesotho ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àjèjì bí tiwa ni wọ́n, àtijẹ ló gbé wọn débẹ̀.

A kò wá láti bá ọmọ náà wí. Àwa gan-an ni a fẹ́ bá wí. Ó ru ẹrù ju agbára rẹ̀ lọ, ó sì wá fi han wá, a ní kó padà wá. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ti jíròrò, a sì gbé ohun mẹ́ta wá síwájú ìpàdé yìí.

Àkọ́kọ́, a ó ya apá kan owó oṣooṣù sọ́tọ̀ fún ẹni tí owó ilé tàbí owó ìwé ìgbélùú bá ká mọ́. A kò ní fọwọ́ kàn án fún aṣọ ẹbí tàbí àríyá. Ẹni tó bá béèrè, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ méje lọ tí yóò fi gbọ́ èsì.

Ìkejì, ẹni tí ọkọ, ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ kùsà lábẹ́ òfin, kó mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òfin 1996 gbà òṣìṣẹ́ láyè láti kúrò níbi tó bá rí i pé ewu wà. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kùsà, Rand Mutual Assurance ni wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ owó ìtanràn náà lọ bá, àjèjì tó jẹ́ òṣìṣẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ẹ tọ́jú ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìwé owó oṣù àti ìwé ìgbéyàwó. Akọ̀wé ẹgbẹ́ yóò bá ẹni tó bá nílò rẹ̀ kọ lẹ́tà.

Ìkẹta, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ṣèlérí fún wa pé kí ẹ tó gba ọ̀nà ihò, ẹ ó kọ́kọ́ gba ọ̀nà ilé wa. Bó ṣe òru, ẹ kan ilẹ̀kùn. Àwọn tí orí wọn pé níwèé, ẹ lọ kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì Wits, kí ẹ di ínjínnìà tó ń ṣètò bí àpáta kò ṣe ní pa ọmọ ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Nínú ẹgbẹ́ wa yìí náà, ẹrù máa ń pọ̀ sórí ẹnìkan. Gbèsè, ìjà lọ́ọ̀dẹ̀, owó tí ilé ń béèrè, ìtìjú kò sì jẹ́ ká sọ ọ́. Ẹ jẹ́ ká máa pe ara wa jókòó nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kéré, ká sọ ọ́ ní àkókò tí a yàn, kó má di ohun tí yóò bú mọ́ wa lójú. Bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀. Ọ̀wọ́ ẹ̀yìn wa, tó jẹ́ ẹrù ẹni mẹ́jọ, kò gbọdọ̀ kù sí ẹni mẹ́rin léjìká.

Kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún àwọn tó kú sínú ilẹ̀. Kó tu ìyàwó àti ọmọ wọn nínú. Ilẹ̀ kò ní jẹ wá nílẹ̀ onílẹ̀. A ó ko ire délé, ojú kò ní tì wá. Àmín.